Orí Kẹta: Owú Olórí Onígòjé

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fa ọrun níbẹ̀," ni Fìjàbí wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tó ti ń jókòó ti Ìbíyẹmí olórí onígòjé lórí àga kejì. "Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ pátápátá títí màá fi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Bí ẹ̀yin ò bá ti mira, kò sẹ́ni tó máa mira."

Ìbíyẹmí ń fi oje igi pa irun ọrun tí wọ́n fi ń fa gòjé. Kò gbójú sókè. "Ṣé mo sọ pé n ò ní dákẹ́ ni?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n níbi ìdánrawò, tá a bá ti débẹ̀, ọrun yín máa ń gbọ̀n."

"Àgbà ló ń gbọ̀n ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín sí i. "Lọ múra, jàre. Olùdarí kì í pẹ́ jáde. Ìlú ń dúró dè ọ́."

Ó dúpẹ́, ó jáde. Ẹ̀rín Ìbíyẹmí sì kú kí ilẹ̀kùn tó padé. Ẹ̀rín ètè ni tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ má bínú sí i jù. Ẹni tí wọ́n bá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ló mọ bí ebi ṣe ń pa òun. Nígbà tí olùdarí àtijọ́ gbé ọ̀pá ìdarí sílẹ̀ ní ìparí sáà tó kọjá, àwọn méjì ló jáde láti gbà á: Ìbíyẹmí, tó ti wà lórí àga olórí onígòjé láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirimú, àti Fìjàbí, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọrun mú. Òfin Òkè-Ìsádi ò sì gba ojúsàájú. Wọ́n ta aṣọ ìkélé, àwọn méjèèjì darí orin kan náà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlú gbọ́ ọ lára ògiri ilé wọn, tó máa ń gbé ohùn àti àwòrán gbọ̀ngàn dé ọ̀dọ̀ wọn, láìmọ ẹni tó ń darí. Ẹni tí ìlú bá tanná fún jù ló ni ọ̀pá. Wọ́n tanná fún Fìjàbí.

Ìyẹn dùn ún, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ó jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé lọ́jọ́ náà, ó ń fa gòjé fún ọmọ tó ń bá a du ipò, ó sì gbójú wo àjà gbọ̀ngàn níbi tí fìtílà ilé kọ̀ọ̀kan wà, tó máa ń tàn bí ilé náà bá fi iná rẹ̀ ránṣẹ́. Ó rí ti ilé tirẹ̀. Ó ń tàn yanran. Ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ láti ilé.

"Ẹni tó ṣe ìkẹyìn yẹn ló ṣe é tó dùn mọ́ mi nínú," ni ìyá wí nígbà tó délé. "Àbí ìwọ kọ́ ni?"

"Èmi ni, Màmá," ni Ìbíyẹmí dáhùn, ó sì wọ yàrá lọ sunkún. Kò pẹ́ tí ìyá gbọ́ òótọ́ lẹ́nu aládùúgbò. Kò sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún mọ́. Ì bá tiẹ̀ sàn kó sọ ọ́.

Kúforíjì tó ń fọn fèrè yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá arúgbó ni, òun nìkan ló ṣì ń pe Ìbíyẹmí ní ìdajì orúkọ rẹ̀.

"Ìbí, ojú rẹ ò dáa."

"Bọ̀ọ̀dá Kúforíjì, ẹ gbọ́ ná. Èèyàn á fi iná ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, á wá jókòó sínú òkùnkùn birimù, Fìjàbí á wá ní kó máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́? Wọ́n á rò pé ògiri wọn ló bàjẹ́ ni. Wọ́n á gba iná wọn padà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un náà. Ó ní àwọn tí òkun gbé lọ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà wà fún."

"Àwọn tí òkun gbé lọ ò ní fìtílà lájà."

Kúforíjì wò ó títí. "Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá kan ìlà pupa tí wọ́n fi ń wọn iná ìlú lónìí, ọ̀pá á kúrò lọ́wọ́ ọmọ yẹn, á bọ́ sọ́wọ́ olórí onígòjé. Ohun tó ò ń rò nìyẹn."

"Ṣé èmi ni mo ṣòfin?"

"Ìwọ kọ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n kà. O tún mọ èyí tó tẹ̀ lé e: bí eré ọ̀tunla náà ò bá kan ìlà, sáà ti parí nìyẹn, wọ́n á ti gbọ̀ngàn, gbogbo wa á sì padà sídìí àwọ̀n." Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i. Àpá okùn ṣì wà níbẹ̀ látọdún tí sáà kú, tí gbogbo olórin lọ ń fa àwọ̀n ńláńlá sórí àpáta láti fi mú ìkùukùu, kí omi lè kán sínú ìkòkò ìlú. "Ọwọ́ yìí ò gba àwọ̀n mọ́, Ìbí."

"Kò sẹ́ni tó máa padà sídìí àwọ̀n. Bí ọ̀pá bá dọ́wọ́ mi, màá kan ìlà."

"Hẹn-ẹn." Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Òrìṣà jẹ́ ká pé méjì, kò dénú obìnrin."

"Ẹ gbẹ́nu yín sọ́hùn-ún. Ọkọ kọ́ là ń jà lé lórí."

"Ó kúkú jọ ọ́," ni Kúforíjì wí, ó sì mú fèrè rẹ̀ jáde lọ.

Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ti jókòó tán lórí ìtàgé, Kúforíjì fọn ohùn kan ṣoṣo. Ìbíyẹmí dìde, ó gba ohùn náà sórí gòjé rẹ̀, ó yí èèkàn díẹ̀, ó tún un fà, ó wá kọjú sí ẹgbẹ́, ó pín in fún wọn. Gòjé kéékèèké gbà á, gòjé ńláńlá gbà á, fèrè idẹ gbà á. Iṣẹ́ yìí ni ẹnikẹ́ni ò tíì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe é pẹ̀lú ìgbéraga.

Ó gbójú sókè. Fìtílà díẹ̀ ti tàn lájà. Ó mọ gbogbo wọn: ti àwọn aláwọ̀n, ti díẹ̀ lára àwọn ará Ìlàjẹ tó kọ́kọ́ gun òkè wá nígbà tí òkun gbé Èkó mì, ti ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Láti ojú fèrèsé ńlá, ó ń rí bí ilé àwọn wọ̀nyí ṣe ṣókùnkùn nísàlẹ̀ òkè. Àwọn tó kù ṣì ń jẹun lójú iná tiwọn, wọ́n ń wò ó bóyá orin náà á tó nǹkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ọ̀pá gíláàsì kan dúró gàgàrà, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gòkè nínú rẹ̀ bí fìtílà bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ìlà pupa wà lókè lọ́hùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ ò tíì kúrò ní ìsàlẹ̀.

Fìjàbí jáde.

Kò tíì ṣe nǹkan kan o. Kò gbé ọ̀pá, kò sọ̀rọ̀, ó kàn rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ìdúró ni. Fìtílà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ìmọ́lẹ̀ fò sókè nínú gíláàsì. Ìbíyẹmí gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kíá, ṣùgbọ́n ó ti rí i. Gbogbo ọdún tó ti ń jáde sórí ìtàgé yìí, kò sí ilé kan tó tanná nítorí pé òun ń rìn.

"Kí ló fi jù mí lọ?" ló ń bi ara rẹ̀. "Ẹsẹ̀?"

Orin Omi Ńlá ni wọ́n fi ń ṣí sáà ní Òkè-Ìsádi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú gòjé ńláńlá, bí òkun ṣe ń rákò bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn tí wọ́n ṣì ń sùn. Ìbíyẹmí ti lu orin yìí débi pé ó lè fi ojú dídì lù ú. Ṣùgbọ́n Fìjàbí fà á sẹ́yìn níbi tí àwọn mìíràn máa ń sáré, ó jẹ́ kí àwọn fèrè mí, ó sì yọ àwọn ohùn kan síta nínú rẹ̀ tí Ìbíyẹmí ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó dára. Ó dára débi pé ó ń dun Ìbíyẹmí ní igbá àyà. Ká ní kò dára ni, ì bá ti darí jì í.

Ọgbọ́n kan sì wà lọ́wọ́ Ìbíyẹmí. Ará ìlú rò pé ọ̀pá olùdarí ni gbogbo ọ̀kẹ́sítírà ń wò. Irọ́ ni. Ọ̀pá ń fò lókè, ọrun olórí onígòjé ni ojú ń tẹ̀ lé. Ní ọdún kan, olùdarí àtijọ́ gbàgbé ibi tí orin dé, ó ń lu mẹ́rin níbi tó yẹ kó lu mẹ́ta. Ìbíyẹmí kàn gbé èjìká báyìí, ó fa ọrun, gbogbo ẹgbẹ́ bá a lọ, wọ́n fi olùdarí sílẹ̀ níbi tó ti ń lu afẹ́fẹ́. Ìlú ò mọ̀. Olùdarí fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Nítorí náà, bí òun bá fa ọrun nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Fìjàbí, gbogbo wọn ni yóò wọlé tẹ̀ lé òun. Ọmọ náà á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú apá lókè bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Gbogbo ìlú á rí i lára ògiri, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gba iná wọn.

Ó ti ń rò ó láti ọjọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ọrun rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

Òkun inú orin dìde, ó ga, ó kọlu gbogbo ilé, ìlù ńlá dún, fèrè idẹ ké. Ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ kan ìlà pupa. Fìjàbí sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́.

Ìbíyẹmí yọ́jú wo gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ wálẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkè, iná ń padà sí ilé kan, sí èkejì. Wọ́n rò pé ògiri ló bàjẹ́! "Mo sọ ọ́," ni inú rẹ̀ wí, inú náà sì dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kò ní sí ìdí tí òun á fi ṣe nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Fìjàbí fúnra rẹ̀ á pa á.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà dúró. Ó gbọ̀n díẹ̀. Ó tún ń gòkè. Díẹ̀díẹ̀, gbogbo àdúgbò àwọn ará Ìlàjẹ ṣókùnkùn pátápátá, àní àwọn ilé tí kì í tanná fún ẹnikẹ́ni. Ó ti yé wọn. Ẹnikẹ́ni ò wí fún wọn, ó ti yé wọn: àwọn baba wọn ni wọ́n ń dákẹ́ fún. Gbogbo òkè ń gbọ́ òfo, wọ́n sì ń fi iná wọn rà á.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán ni! Ìbíyẹmí ti fi ọdún gbogbo fa gòjé títí ọrùn rẹ̀ fi lé kókó, ọmọ yìí ò ṣe ju kó gbé apá sókè lọ. Ìkà kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà, kì í tún ṣe ọ̀pá, kì í ṣe òfin. Owú ni, owú gidi.

Ó fa ọrun.

Ohùn náà jáde pẹ̀lú agbára, ó tọ́, ibi tó yẹ kí gbogbo wọn ti wọlé gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ò wọlé.

Ó gbé èjìká bó ti máa ń gbé e. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Gbogbo ojú wà lára Fìjàbí. Onígòjé tó jókòó tì í, tí ìgbúnwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kò tiẹ̀ yíjú. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, nínú gbogbo ìlú tó ṣókùnkùn, gòjé kan ṣoṣo ló ń dún, tirẹ̀ sì ni.

Kò lè dá a dúró. Ohùn tó bá já láàárín máa burú ju ohùn tó ṣi ọ̀nà lọ, olórin èyíkéyìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fà á lọ, ọrun ń tán lọ, òógùn ń bọ́ sí i lójú. Ìtìjú bo gbogbo ara rẹ̀.

Fìjàbí yí ojú sí i. Kò bínú. Ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀ lókè kí gbogbo wọn má baà mira, ó wá na òsì sí Ìbíyẹmí, ó rọra ń pè é: ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀. Ìbíyẹmí yí ọrun padà. Ó bọ́ sórí ohùn kejì, ó bọ́ sórí ìkẹta, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, gòjé náà ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tó fẹ́ sunkún tó ń gbé e mì. Ó lu gbogbo ìlà orin náà ní òun nìkan. Ìgbà náà ni Fìjàbí tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, tí ọ̀kẹ́sítírà wọlé lábẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, tí wọ́n gbé e sókè.

Ìmọ́lẹ̀ kọjá ìlà pupa. Ó kún gíláàsì dé ẹnu. Lójú fèrèsé, kò sí iná kan mọ́ nísàlẹ̀ òkè.

Nígbà tí orin parí, ògiri gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì-gbì-gbì. Ará ìlú ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri ilé wọn. Fìjàbí na ọwọ́ sí Ìbíyẹmí pé kó dìde. Ó dìde. Ògiri dún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìtàgé, Ìbíyẹmí gbá Kúforíjì láṣọ mú. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tẹ̀ lé mi?"

"Tẹ̀ lé ọ lọ síbo?"

"Ẹ ti máa ń tẹ̀ lé mi! Ta ló ní kẹ́ ẹ má wo ọrun mi? Òun ni, àbí?"

"Ẹnìkan ò sọ bẹ́ẹ̀, Ìbí." Bàbá náà ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Ọwọ́ rẹ̀ là ń wò. Mi ò tiẹ̀ lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. A kàn rí i pé ọwọ́ rẹ̀ là ń wò ni."

Ì bá sàn fún un kí wọ́n ti dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ó jókòó sórí àpótí gòjé. Kò sì pẹ́ tí Fìjàbí wọlé, ó gbé wàláà tó ń tàn dání, èyí tí orin máa ń kọ ara rẹ̀ sí. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ìka kan ilẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ó ti wọ inú orin, Àǹtí mi," ó ní.

Ìbíyẹmí wò ó. Ìlà tó lù ní òun nìkan wà níbẹ̀, láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tónítóní, pẹ̀lú gbígbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Ohun tí ìlú bá fi gbogbo iná rẹ̀ sí, òfin ò gbà kí wọ́n yọ ọ́ mọ́ títí sáà á fi parí.

"Bí ikọ́ Làmídì," ni Kúforíjì wí. Lọ́dún kan, Làmídì tó ń fọn fèrè idẹ hú ikọ́ láàárín orin Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlú tanná sí i, ó sì hú ikọ́ náà ní gbogbo eré títí òjò fi dé, tí sáà parí.

"Ẹ fi wá sílẹ̀ díẹ̀, bàbá," ni Fìjàbí wí. Nígbà tí Kúforíjì jáde tán, ó ní, "Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ fẹ́ gba orin lọ́wọ́ mi."

Ìbíyẹmí ti wàláà sẹ́yìn. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Mi ò bá yín jà, mà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe lọ́tunla. Kẹ́ ẹ sì ṣe é bẹ́ ẹ ṣe ṣe é lónìí. Bẹ́ ẹ bá fi ọkàn rere fà á, kò ní jẹ́ òun. Wọ́n máa mọ̀."

"Ìwọ Fìjàbí." Ìbíyẹmí dìde lórí àpótí. "Ṣé o fẹ́ kí n máa jowú rẹ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ eré?"

"Títí òjò á fi dé, mà. Ẹ jọ̀wọ́."

Láàárín ọjọ́ méjèèjì tó tẹ̀ lé e, Ìbíyẹmí pinnu pé òun ò ní fún un. Òun á fa ìlà náà bó ti wà nínú wàláà, òfin ò lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni òun á fà á, bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ owú kó lọ jẹ tirẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọ̀tunla pé. Òkun inú orin dìde, ó kọlu gbogbo ilé, ìlù ńlá dún. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé. Ìbíyẹmí gbé ọrun lé okùn, ọkàn rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Kò gbọ̀n rárá. Ó wo ojú fèrèsé, ó rí i pé gbogbo òkè ti ṣókùnkùn ṣáájú àkókò. Òun ni wọ́n ń dúró dè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, gbogbo ìlú jókòó sínú òkùnkùn nítorí òun, wọ́n di èémí mú.

Fìjàbí kò tíì pè é. Ó dúró, ó jẹ́ kí wọ́n dúró, ó jẹ́ kí òun náà dúró. Lẹ́yìn náà ló rọra na ọwọ́ òsì sí i pé ó yá, ó lè máa dún báyìí.

Kódà dídúró tí ìlú ń dúró de òun, ọwọ́ ọmọ náà ló ti wá; owú náà ò dúró kí Ìbíyẹmí tó pè é. Ọrun ti ń gbọ̀n kó tó fà á.